Òórùn Ọ̀pẹ Òyìnbó Nínú Ààwẹ̀

Iṣẹ́ ìwádìí mi nílé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Ẹ́dẹ ni láti mọ ìdí tí sẹ́ẹ̀lì ara fi máa ń kọtí ikún nígbà tí ínsúlìn bá ń pè é pé kó gba ṣúgà wọlé. Lánàá, mo ṣí ìgò kẹ́míkà asitóònù tí a fi ń ṣan ife gíláàsì láàbù. Ó ń rùn bí ọ̀pẹ òyìnbó tó pọ́n jù. Ṣe ni mo jókòó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti Bàbá mi nìkan là ń gbé. Ààwẹ̀ mi àkọ́kọ́ ni, ètè mi ti gbẹ. Mo ti iléewé dé, mo bá wọn nídìí àmù. Wọ́n bu ife omi kan mu, wọ́n tún bu òmíràn. Ẹnu wọn ń rùn bí ọ̀pẹ òyìnbó.

“Bàbá, ẹ̀ ń mu omi, ẹ tún jẹ èso nínú ààwẹ̀!”

“N ò jẹ nǹkan kan, ọmọ mi. Òùngbẹ yìí ló pọ̀ jù.”

N ò gbà. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi igi tú ààtàn. N ò rí èèpo kankan.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, Bàbá tẹ́ ẹní, wọ́n gbé ògì àti àkàrà kalẹ̀. Mo gbé tèmi lọ sẹ́yìnkùlé, mo kẹ̀yìn sílé.

Mo ti wá mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe Bàbá, pé ebi ló ń pa ara wọn láàárín ṣúgà tó kún ẹ̀jẹ̀ wọn, ọ̀rá ara wọn tó ń jó ló sì ń rùn yẹn. Ìtúnu Ààwẹ̀ ò bá wọn láyé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá pè mí láti orí ẹní: “Máa bọ̀, jẹ́ ká jọ ṣínu.”

Wọ́n tún pè mí. Mo gbọ́ dáadáa. N ò jẹ́.