Àwo Fùrèjọ̀n àti Ìbò Ìyá Mùtáírù

Ọdún tó kángun sí òmìnira ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, kò sí ààrẹ tí ẹnikẹ́ni ń dìbò yàn. Aṣòfin ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń yàn, ẹgbẹ́ tí aṣòfin rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ni yóò mú ẹni tí yóò ṣe olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ariwo tí à ń pa ní Ìta Fájì, ẹ ó rò pé ẹni tí yóò máa rọ òjò fún wa là ń yàn. Mo wà lára àwọn tó ń pariwo yẹn. Tíṣà ọmọ kékeré ni mí, n kò tíì lọ́kọ, èmi sì ni akọ̀wé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò. Ohùn mi dùn nígbà náà. Bí mo bá gun orí àga níbi ìpàdé tí mo gbé orin, wọ́n á gbọ́ mi dé Adéníji Adélé. Ẹ má wo ti ìsinsìnyí tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń du àdúgbò wa. Àmì tiwa ni Ẹyẹlé, àmì tiwọn ni Àtùpà, àmì yẹn náà ni gbogbo ènìyàn fi ń pe ẹgbẹ́.

Àgùdà ni wá nílé wa. Àwọn baba ńlá wa ti Bùràsíìlì dé, wọ́n sì mú ìjọ Kátólíìkì àti fùrèjọ̀n bọ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ló tọ́ mi. Ilé tó fara kan tiwa ni ilé Ìyá Mùtáírù. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó látilẹ̀wá. Ẹlẹ́hàá ni Ìyá Mùtáírù. Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ni kò ti jáde síta láìbo ojú, kì í tilẹ̀ sábà jáde. Ọkọ tó fi í sí ẹ̀há ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ó ti mọ́ òun lára, òun kò ní tìtorí pé ọkọ kú kí òun wá sọ ara òun di ọmọge.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, láàrin ilé méjèèjì. Ibẹ̀ ni Màmá Àgbà ń gbà lọ bá a. Wọ́n ti jọ ṣeré nínú òjò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kí ọ̀kan tó di ẹlẹ́hàá, kí èkejì tó di ìyá ìjọ. “Sífá” ni Màmá Àgbà ń pe Ìyá Mùtáírù, òun náà ń pè é ní “Filó”. Àwa tó kù kò gbọdọ̀ dán an wò.

Àwo tánńganran kan wà láàrin wọn, funfun, tó ní òdòdó aláwọ̀ aró létí. Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tí àwa Kátólíìkì kì í fẹnu kan ẹran, Màmá Àgbà á se fùrèjọ̀n: ẹ̀wà tí a sè, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn àti ṣúgà rò lórí iná títí yóò fi máa dán. Á bù ú sínú àwo yẹn, èmi á sì gbé e gba ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Àwo náà kì í padà lófo. Ọ̀dọ̀ Ìyá Mùtáírù ni yóò wà títí di Iléyá, ọjọ́ náà ni yóò padà tòun ti apá àgbò. Bí àwọn ìyá wọn ti ń ṣe é nìyẹn, ọwọ́ wọn ni wọ́n ti bá a.

Lọ́dún ìbò yẹn, inú ààwẹ̀ ni Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sí. Màmá Àgbà ní kí n jẹ́ kí oòrùn wọ̀ kí n tó gbé e lọ, kí Sífá lè fi ṣínu. Mo ṣì rántí bí Ìyá Mùtáírù ṣe ṣí ìdérí, tó gbóòórùn àgbọn, tó sì rẹ́rìn-ín.

“Àwa méjèèjì là ń gbààwẹ̀ lónìí,” ló wí. “Sọ fún Filó pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kan náà ló ń lọ.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpolongo ìbò gbóná, tí orí gbogbo wa dàrú. Aṣáájú ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò ni Bọ̀dá Fẹlísì, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dìde ní ìpàdé, ó ní ará Ẹyẹlé kankan kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ará Àtùpà mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé oúnjẹ fún wọn. Ó ní wọ́n ti ń fi nǹkan sí i. Ohun kan náà gan-an ni àwọn Àtùpà ń sọ nípa tiwa ní ìpàdé tiwọn. Àwọn tí a ti jọ ń jẹ̀kọ láti kékeré wá ń yẹra fún abọ́ ara wọn bí ẹni ń yẹra fún ejò. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Mùtáírù, ọmọ Ìyá Mùtáírù, ni olórí àwọn ọ̀dọ́ Àtùpà. Kápẹ́ńtà ni. Lọ́jọ́ kan a gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìnkùlé, a sáré jáde, a bá a tó ń kan ilẹ̀kùn kékeré náà pa.

“Mùtáírù,” Màmá Àgbà pè é gba ojú ihò ara ilẹ̀kùn, “ta lò ń kanlẹ̀kùn mọ́?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ẹgbẹ́ ló ní kí n ṣe é. Bí mi ò bá ṣe é, wọ́n á ní ibẹ̀ lẹ ń gbà wá gbọ́ àṣírí wa.”

“Àṣírí wo? Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ?”

Ó kan èyí tó kù, ó sì lọ.

Iléyá dé. Láti àárọ̀ ni Màmá Àgbà ti gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dojú kọ ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn pa. Ó ní atẹ́gùn lòun ń gbà. A ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé lódì kejì ògiri, òórùn ẹran sísun sì gba gbogbo àdúgbò. Oòrùn wọ̀, àwo kò dé, kò gba ẹ̀yìnkùlé, kò gba ojú ọ̀nà. Màmá Àgbà gbé àga rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e. Bọ̀dá Fẹlísì gbọ́, ó wá kí wa pẹ̀lú ayọ̀ tó fi aṣọ ìbánikẹ́dùn bò.

“Ẹ ò rí i bí, Màmá? Mo sọ fún yín. Wọ́n ti da fùrèjọ̀n yín fún ajá.”

Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ mi, mo sì fẹ́ kí ó wọlé, ṣùgbọ́n àga tó dojú kọ ilẹ̀kùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi Màmá Àgbà bóyá ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ti kọ òun sílẹ̀. Ó ní, “Mi ò mọ̀. Mi ò rójú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Ọjọ́ ìbò kò bá ọyẹ́ dé nìkan, ó bá ìbẹ̀rù dé pẹ̀lú. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ni a ti dìbò. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí igun kíláàsì ni àwọn àpótí wà, àmì ẹgbẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fún ọ ní pépà, o ó wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ, o ó jù ú sínú àpótí tó wù ọ́. Èmi àti Màmá Àgbà wà lórí ìlà, kò pọ̀ tó kù kí ó kàn wá, nígbà tí Mùtáírù mú ìyá rẹ̀ wọlé, aṣọ dúdú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn bìlà fún un, nítorí ẹlẹ́hàá kì í bá ọkùnrin tò.

Bọ̀dá Fẹlísì, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ wa, fò dìde.

“Ta nìyí? Kó ṣíjú ká rí i. A ò mọ̀ bóyá ó ti dìbò níbòmíràn.”

“Ìyá mi ni!” Mùtáírù jágbe. “Kò ní í ṣíjú láàrin ọkùnrin. Láyé!”

“Kó máa lọ sílé nìyẹn.”

Àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì ti ń sún mọ́ ara wọn. Ọ̀gá elétò ìbò, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó wọ gíláàsì, na ọwọ́ sókè. Ó ní bí aṣojú ẹgbẹ́ bá ní òun kò mọ olùdìbò, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá jẹ́rìí fún un. Àwọn obìnrin Àtùpà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn mọ̀ ọ́n.

“Kò gbọdọ̀ jẹ́ ará Àtùpà o,” Bọ̀dá Fẹlísì wí. “Bí aṣọ bá wọ ẹnikẹ́ni lára yín, ẹ ó ní ìyá yín ni. Kí ará Ẹyẹlé kan wá jẹ́rìí, tó bá dá yín lójú.”

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹlẹ́hàá kan tí kì í jáde, ta ni nínú àwa Ẹyẹlé ni yóò mọ ojú rẹ̀? Èmi àti Màmá Àgbà nìkan. Ó sì dá a lójú pé ẹni tí wọn kò dá àwo rẹ̀ padà fún kò ní í la ẹnu. Mùtáírù wò wá, ó sì wolẹ̀. N kò tíì rí ọkùnrin tí ojú tì tó bẹ́ẹ̀.

Màmá Àgbà jáde lórí ìlà. Ó ju ìborùn rẹ̀ sí mi.

“Di etí kan mú, kí obìnrin kan di èkejì mú.”

A ta ìborùn náà ní igun ògiri, ó mú Ìyá Mùtáírù wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ká aṣọ ojú rẹ̀ sókè. Èmi tí mo di aṣọ mú ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ìyá Mùtáírù ń sunkún.

“Filó, àwo ẹ...”

“Ṣé àwo ni mo bá wá ni? Ìbò ni mo bá wá. Nu ojú ẹ.”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da aṣọ bo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà, ó tún aṣọ náà ṣe dáadáa, ó sì mú un jáde.

“Sifáwù ni,” ó wí fún ọ̀gá elétò ìbò. “Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ẹ. Ẹ fún un ní pépà.”

“Màmá!” Bọ̀dá Fẹlísì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. “Ṣé ẹ mọ ẹni tó fẹ́ dìbò fún?”

“Mo mọ̀. Fẹlísì, ojú rẹ̀ lo ní ká wò. O ò ní ká wo inú rẹ̀.”

Ìyá Mùtáírù wọ ẹ̀yìn aṣọ lọ, ó dìbò. Nígbà tó kàn wá, Màmá Àgbà náà dìbò fún Ẹyẹlé, ó sì jáde pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ní kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wọlé báyìí. Ó ní òun fẹ́ kó wọlé o, òun tilẹ̀ ti gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. “Ṣùgbọ́n èyí tí a bá tìtorí rẹ̀ dá Sífá padà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fẹ́ ẹ. Bó bá wọlé bẹ́ẹ̀, èmi náà á máa bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò kàn mí.”

Àtùpà ló wọlé ní àdúgbò wa. Bọ̀dá Fẹlísì wá jà nílé, ó ní Màmá Àgbà ló ta wá. Màmá Àgbà gbé omi fún un mu. “Bó bá jẹ́ ìbò Sífá nìkan ló bì ẹ́ ṣubú, a jẹ́ pé o ò tíì dúró dáadáa tẹ́lẹ̀.”

Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, a tún gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé wọ́n tún ń kan ìṣó kún ìṣó. Ṣùgbọ́n yíyọ ni Mùtáírù ń yọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwo tánńganran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Àgbà ṣí ìdérí. Ẹran ni, ó gbẹ, ó dúdú, ó le bí igi.

“Apá àgbò Iléyá ni,” Ìyá Mùtáírù wí. “Wọn ò jẹ́ kí n gbé e wá. Mo ń yá a níná kó má bà á jẹ́. Bí ìdin bá fẹ́ dé ibẹ̀, màá tún gbé e sórí iná. Mo ní àwo ẹ ò lè padà lófo láéláé.”

Láti Iléyá títí di Kérésìmesì! Màmá Àgbà, tí kò sunkún lọ́jọ́ tí àwo kò dé, jókòó sórí kùkùté igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún bí ọmọdé. Mùtáírù dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn. Ẹran náà kò ṣeé jẹ, eyín ń ro wá, síbẹ̀ a jẹ ẹ́ tán.

Mo ti bá wọn ja ọ̀pọ̀ ìjà ìbò láti ìgbà náà, mo sì ti ń wọn ti ọdún yẹn wò. Òmìnira dé, a kò lè sọ pé kò dé. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, àwọn aṣáájú Ẹyẹlé àti Àtùpà ti jọ ń jẹun ní Ìkòyí, lórí tábìlì kan náà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fi nǹkan sí i. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn pa lọ́dún náà ni wọ́n ṣí. Mo mọ ọmọ ìyá méjì lójú pópó wa tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú fi pa ọ̀kan, nítorí àwòrán ara àpótí. Gbèsè ìyẹn ṣì wà lọ́rùn àwa tí à ń gun orí àga kọrin, a kò sì tíì san án.

Ẹ̀yin ọmọ mi ń dìbò yan ààrẹ báyìí. Lẹ́yìn ìbò tó kọjá, ọmọ ọmọ mi sọ fún mi pé òun ti lé ọ̀rẹ́ òun kúrò lórí fóònù nítorí ẹni tó dìbò fún. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tiwa, ó kéré tán, ènìyàn ní láti wá ìṣó àti òòlù.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ti lọ, ìyá ìjọ àti ẹlẹ́hàá, ọ̀kan ní itẹ́ òkú Kátólíìkì, ọ̀kan ní itẹ́ òkú Mùsùlùmí. Àwo náà ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí rẹ̀ ti sán. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tó kọjá, ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́. Mo pe ọmọ ọmọ mi, mo ní kó gbé e fún àwọn ọmọ Mùtáírù lódì kejì ògiri. Ó dúró, àwo lọ́wọ́, ó ń wò mí.

“Màmá, ṣé ẹ mọ ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ yẹn dìbò fún ni?”

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Ó gbóná.”