Wo Abala Kẹsàn-án

Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ dúró lórí ojú ìwé kejì, kò kúrò níbẹ̀. Ó lá àtàǹpàkò ọ̀tún, ó fi ṣí ìwé. Ẹyọ kan. Ẹyọ kejì. Ó fi ìka sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, títí ó fi kan nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Ó dúró. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Ó padà síbi tí ìka òsì ti ń dúró dè é, ó kà á. Ó tún lọ sí mẹ́sàn-án, ó tún kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Mẹ́sàn-án ò yí padà.

Bàbá Akínbíyìí wá dé fìlà rẹ̀, ó dìde.

"Alága," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lé ara mi kúrò nínú ẹgbẹ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, lọ́dún 1988, nínú gbọ̀ngán ilé ìwé kan ní Challenge. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Òkè-Ìrókò tó ń gbé Ìbàdàn ló ń ṣèpàdé. Onítẹ̀bọmi wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé akọ̀wé wọn kì í ṣàwàdà. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bàbá Akínbíyìí ló kọ òfin ẹgbẹ́, abala mẹ́tàlélógún, òun náà ló fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ìjọba, ohun kan ṣoṣo tó sì kó bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé èèyàn kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti sọ ọ́ síbì kan, ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà bá tún ti jáde, "wo abala báyìí-báyìí" ló máa kọ. Irú ìtọ́ka bẹ́ẹ̀ jẹ́ méjìlélógójì nínú òfin náà. Ó ń fi wọ́n yangàn bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ọmọ yangàn.

Nígbà tó yá, Alága, Alhaji Mọ́ṣúdù tó ń ta táyà ní Ring Road, ní kí wọ́n fi abala kan kún un nípa àwọn tó ń pẹ́ dé ìpàdé. Wọ́n fi í ṣe abala kẹrin. Bàbá tẹ ojú ìwé tuntun, ó fi í sáàárín. Ó fi ẹfun ìpawérẹ́ pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ lórí àwọn abala tó kù, ó sọ mẹ́rin di márùn-ún, ó sọ márùn-ún di mẹ́fà, títí dópin. Iṣẹ́ mímọ́. Ọgọ́rin èèyàn fọwọ́ sí i.

Ó kàn gbàgbé àwọn ìtọ́ka. Wọ́n wà níbi tí wọ́n wà, wọ́n ń nawọ́ sí ilé tí onílé ti kó lọ sí Àkóbọ̀.

Abala kejì sọ pé: "Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ohun tó wà ní abala kẹsàn-án, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà." Abala kẹsàn-án ti tẹ́lẹ̀ ni ìjà jíjà nínú ìpàdé. Abala kẹsàn-án ti ìsinsìnyí ni bíbẹ aláìsàn wò. Bẹ́ẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Bàbá Akínbíyìí ti gbé ọsàn mẹ́fà lọ kí Ìyá Àtọ́kẹ́, ìyá ẹgbẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún.

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, ẹ jókòó jàre!" Alhaji Mọ́ṣúdù ní.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ẹ rí i pé mi ò lè máa dá ara mi láre."

"Bàbá, gbogbo wa la lọ kí ìyá yìí! Èmi pàápàá gbé mílíìkì lọ."

"Alhaji, mi ò gbọ́ ìyẹn. Akọ̀wé ló yẹ kó gbọ́ ọ, mo sì ti fi ipò sílẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú méjì."

Ẹnìkan ní kí wọ́n tún òfin náà ṣe lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé. Abala kẹtàlélógún ní, "Bí a bá fẹ́ tún òfin yìí ṣe, a ó ṣe é ní ọ̀nà tí abala kẹtàdínlógún là sílẹ̀." Wọ́n ṣí abala kẹtàdínlógún. Àdúrà ìparí ló bá wọn níbẹ̀. Kí ìyá ẹgbẹ́ dìde, kí gbogbo èèyàn dijú.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó bú. Ẹnìkan yí kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Bàbá Akínbíyìí ò rẹ́rìn-ín. Ó jáde. Ó gbé àga kan yípo ilé, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé, ó jókòó sínú oòrùn, ó sì ń bá àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ láti ìta. Alhaji yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ ní ẹ ti kúrò. Kí lẹ tún ń kọ?"

"Ará àdúgbò ni mí," ó ní. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kò yé mi dáadáa."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe nínú ẹgbẹ́ nìkan. Wo-Ibẹ̀ làwọn ọmọ àdúgbò ní Agbowó ń pè é. Bí o bá dé ilé rẹ̀ tí o kò bá a, ìwé kan á wà lára ilẹ̀kùn: "Wo fèrèsé." O dé ojú fèrèsé: "Wo ṣọ́ọ̀bù Ọlọ́runtóyìn." Ọlọ́runtóyìn aránṣọ wà ní òdìkejì títì. O fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Mi ò sí nílé."

Ìyàwó rẹ̀, Fọláwùmí, ìyá Adéwùnmí, fara dà á fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ kan wọ́n jà láàárọ̀. Bàbá ti ibi ìpàdé dé lọ́sàn-án, ebi ń pa á, ó ṣí àwo oúnjẹ. Ìwé ló bá nínú rẹ̀: "Ẹ wo ìkòkò." Ó ṣí ìkòkò. Ìwé ló tún bá: "Ẹ wo ohun tí ẹ sọ sí mi láàárọ̀."

Ó ní ìtọ́ka náà péye. Ó fi ebi sùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe àwàdà fún un. Abala kan wà níbẹ̀ nípa òkú: ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ á fi mọ́tò gbé e délé, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á dúró tì í títí wọ́n á fi bò ó. Bàbá ti mọ ibi tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ìrókò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, lábẹ́ igi òrombó wẹ́wẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Bí abala náà ṣe parí nìyí: "Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò yìí, ìbáà ṣe láàyè, ìbáà ṣe lókùú." Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé mo dárí jì yín," Alhaji bẹ̀ ẹ́.

"Abala wo nìyẹn wà?"

Níbi tó ti ń wá bí òun ṣe máa padà lọ́nà tó tọ́ ló ti pàdé Fúnlọ́lá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ ìwádìí fún àwọn ọmọ yunifásítì nínú yàrá kan ní Agbowó. Bàbá gbé òfin lọ bá a, ó ní kó bá òun tẹ̀ ẹ́, kó sì fi sùúrù wo nọ́ńbà.

"Bàbá, a ò ní tẹ nọ́ńbà rárá," Fúnlọ́lá ní. "Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wò, ẹ ó fi àmì pamọ́ síbẹ̀, ẹ ó fún àmì náà lórúkọ. Ibòmíràn tí ẹ bá ti fẹ́ tọ́ka sí i, orúkọ yẹn lẹ máa pè. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló máa ka nọ́ńbà."

"Bí mo bá wá ki abala tuntun bọ àárín ńkọ́?"

"Ẹ ní kó tún un kà, á tún un kà."

"Láìbínú?"

"Láìbínú, sà."

Kò gbà á gbọ́. Ó ní kó ki abala kan bọ̀ ọ́ nípa òjò. Nọ́ńbà sún, àwọn ìtọ́ka tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ. Ó ní kó yọ òjò kúrò. Wọ́n padà. Ó ní kó dá òjò padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni òjò rọ̀ nínú òfin Òkè-Ìrókò.

Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Òun ló ń sọ àmì lórúkọ. Ó pe abala òkú ní Ìyá Mi. Ó pe abala ìjà ní Mọ́ṣúdù.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi sọ ìjà ní Mọ́ṣúdù?"

"Kí n má baà gbàgbé."

Nítorí pé ìtọ́ka ò nira mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn wọ́n káàkiri. Méjìlélógójì di ọgọ́rin. Fúnlọ́lá ní òfin náà ti ń di ẹni tó kàn ń nàka. Bàbá ní kò burú. Ẹni tó bá ń nàka mọ ibi tó ń lọ.

Wọ́n parí rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1989. Ó kù kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, ó sì ní òun máa gbé e dé ìpàdé ọdọọdún, láti ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹsàn-án, ó jẹun ọ̀sán, ó jókòó sórí àga lábẹ́ ìloro, ó sùn. Kò jí mọ́.

Kíá ni Alhaji Mọ́ṣúdù gbé mọ́tò ẹgbẹ́ dé Agbowó. Fọláwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ilẹ̀kùn.

"Alhaji, ẹ ṣeun. Ẹ ò lè gbé e."

"Ìyá Adéwùnmí, ẹ má ṣe èyí sí mi."

"Ó ti sọ fún mi. Ó ní bí ìwé ò bá tíì tọ́, kí wọ́n má gbé òun wọ mọ́tò yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbé e lọ báyìí, á máa wò yín láti ẹ̀yìn mọ́tò dé Òkè-Ìrókò."

Alhaji ronú sí ìyẹn. Ó pe ìpàdé.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngán Challenge kún dé ìta. Fọláwùmí gbé àpòòwé ńlá kan wá. Bàbá ti kọ nǹkan sí ara rẹ̀: "Wo inú." Òfin tuntun ló wà nínú rẹ̀, mímọ́ tónítóní, gbogbo ìka ń nà sí ojúlé tó tọ́. Kí ni wọ́n máa fi gbà á wọlé? Alhaji ṣí ìwé àtijọ́. Àtúnṣe: wo abala kẹtàdínlógún. Abala kẹtàdínlógún: àdúrà ìparí.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Àtọ́kẹ́ fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Ẹ dijú. Olúwa Ọlọ́run wa, a dúpẹ́. Ìwọ tí o mọ iye irun orí wa, o mọ iye abala wa."

"Àmín."

"Èyí tó kúrò láàyè rẹ̀, dá a padà bó ṣe wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ opó yìí."

"Àmín."

"Níbi tí a kọ kẹsàn-án sí, Olúwa, kẹwàá ló wà lọ́kàn wa. Aláìsàn ni ọmọ rẹ bẹ̀ wò. Ọsàn ló gbé wá. Ọsàn náà dùn. Kò jà rí nínú ìpàdé yìí."

"Ó jà lọ́dún 1984," ẹnìkan sọ lẹ́yìn.

"Àríyànjiyàn nìyẹn!" Alhaji pariwo, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Mo gbe àdúrà yìí lẹ́yìn!"

"Àmín," gbogbo ilé ní.

Bí òfin Òkè-Ìrókò ṣe yí padà nìyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n gbé Bàbá Akínbíyìí dé ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ òrombó wẹ́wẹ́, wọ́n dúró tì í títí wọ́n fi bò ó. Alhaji ló jókòó tì í lẹ́yìn mọ́tò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní òun ò fẹ́ kó wo ẹlòmíràn.

Lóṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ yan Ọlábọ̀dé sípò akọ̀wé. Òun àti Alhaji lọ bá Fúnlọ́lá pé kó yọ orúkọ olóògbé kúrò ní abala kẹta, níbi tí a to àwọn olóyè sí, kó fi ti Ọlábọ̀dé dípò. Ó yọ ọ́. Ó ní kí ẹ̀rọ tún nọ́ńbà kà.

Ẹ̀rọ tún un kà. Níbi mọ́kàndínlógún nínú òfin náà, kò rí nọ́ńbà kọ. Àmì ìbéèrè ló kọ. Bí ọ̀rọ̀ òkú yìí kò bá yé ọ, wo abala ?. Bí inú bá ń bí ọ sí alága, kí o tó sọ̀rọ̀, wo abala ?. Bí o kò bá mọ ẹni tí o máa bi, wo abala ?.

"Ó ti bàjẹ́ ni?" Ọlábọ̀dé bèèrè.

Fúnlọ́lá ṣí abẹ́ ìwé náà wò, níbi tí àmì máa ń sá pamọ́ sí. Ìtọ́ka mọ́kàndínlógún, gbogbo wọn ń wá orúkọ kan ṣoṣo. Bàbá ò fi àmì yẹn sórí abala bó ṣe yẹ. Abẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ló gbìn ín sí, bí wọ́n sì ṣe yọ orúkọ náà ni àmì bá a lọ. Orúkọ tó sọ àmì náà ni Èmi.

Fúnlọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, nígbà tó yá ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Alhaji Mọ́ṣúdù nàka sí kọ̀ǹpútà.

"Dá bàbá yẹn padà síbẹ̀," ó ní.

Fúnlọ́lá dá a padà, ó tẹ orúkọ Ọlábọ̀dé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, akọ̀wé méjì ni ẹgbẹ́ Òkè-Ìrókò ní.