Ààrò Méjì Lórí Wáyà Kan

Láti ìgbà tí ojú Bàbá Oníná ti di bàìbàì, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ka mítà tó fi ń wọn iná níbi iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Ìyá á pariwo: “Fóltì, igba ó lé ogún! Áńpù, mẹ́wàá!” Bàbá á gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Pín in, ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù méjìlélógún. Sọ ọ́ di púpọ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ ẹgbọ̀kànlá wáàtì.” Ká má parọ́, orí bàbá náà pé, ó sì fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kò kọ́ṣẹ́ iná níbì kankan. Àmọ́ ohun téèyàn ń gbọ́ láàárọ̀ lọ́sàn-án, bó pẹ́ bó yá, á mọ́ ọn lára. Ó ti máa ń ṣe ìṣirò náà tán nínú ọkàn rẹ̀ kí Bàbá tó la ẹnu, kò kàn jẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀ ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ìṣirò yẹn nìkan ló kù tí ọkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá oníbúrẹ́dì kan ránṣẹ́ pè wọ́n. Ó ti ra ààrò oníná kejì, ó sì fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ wáyà tí ti àkọ́kọ́ ń lò. Wáyà inú ògiri náà kò lè gbé ju áńpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, òkè ṣọ́ọ̀bù náà gan-an sì ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn.

Ìyá ka mítà lára ààrò méjèèjì; bákan náà ni wọ́n, áńpù mẹ́wàá mẹ́wàá lórí fóltì igba ó lé ogún. Bàbá mi orí.

“Óòmù méjìlélógún lọ́nà méjì, mẹ́rìnlélógójì. Fi pín igba ó lé ogún, áńpù márùn-ún péré. Ìyáàfin, ẹ fọkàn balẹ̀, wáyà yín á gbé e tẹ̀ríntẹ̀rín!”

Ìyá mọ̀ pé ó ti ṣì í. Ààrò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dà bí ilẹ̀kùn méjì lára ilé kan: ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá á pọ̀ sí i ni. Áńpù mẹ́wàá síbí, mẹ́wàá sọ́hùn-ún, ogún nìyẹn. Tó bá dákẹ́, iná lè sọ nínú ògiri yẹn lórí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Tó bá sì sọ̀rọ̀ lójú oníbàárà, àbùkù ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó kúkú gbé ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀. “Bàbá wọn, ẹ má bínú o. Èmi ni mi ò sọ fún yín pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa wà, pé iná kan ò ní gba inú èkíní kó tó dé èkejì.”

Bàbá mọ̀ pé àṣìṣe òun ló ń bò. Ta ló ń so ààrò lọ́nà mìíràn?

“Ìyá wọn, áńpù mélòó ni gbogbo ẹ̀?”

“Ogún.”

“Ìdènà àwọn méjèèjì pa pọ̀ ńkọ́?”

“Óòmù mọ́kànlá.” Kò tiẹ̀ ronú.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀ ọ́n?”

“Ó ti pẹ́.”

“O wá ń gbọ́ gbogbo ariwo mi, o kàn ń wò mí!” Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí oníbúrẹ́dì. “Ìyáàfin, mo ti ṣì í. Wáyà tuntun la máa fà fún èkejì. Ìyàwó mi lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi.”

Oníbúrẹ́dì dúpẹ́ títí, ó di búrẹ́dì gbígbóná fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde sí títì, Bàbá táràrà títí ó fi rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dì mú.

“O ṣé, ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ tí màá ṣì í ló ti ń bà mí lẹ́rù látìgbà yìí wá. Mo rò pé èmi nìkan ni màá dá wà lọ́jọ́ náà.”