Òkùnkùn Ọ̀sán ní Ilé Sinimá

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá tó ń yan ẹ̀pà ní ojúlé kejì sí tiwa dì mí lọ́wọ́ mú, a wọ ilé sinimá àdúgbò wa ní Ìwó. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrì tán ni. Omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ mi.

Yàrá ńlá kan lásán ni. Wọ́n fi páálí dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa kí oòrùn má baà wọlé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìnkùlé, òórùn bẹntiróòlù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń dàpọ̀ mọ́ ti òógùn àti ti ẹ̀pà tí màmá kó sínú ọ̀rá. Ẹ̀rọ kan ń tan àwòrán sára aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri. Bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn ni a máa ń jókòó sí, ní gbogbo Sátidé.

Tẹlifíṣọ̀n wà nílé wa o. Ìyá mi kì í yé pè wọ́n: "Màmá, ẹ wá wò ó ní pálọ̀ wa. Fáànù ń bẹ. Kí lẹ ń wá lọ sínú ooru?"

Màmá á rẹ́rìn-ín. "Wíwò nìkan kọ́. Èrò ni mò ń fẹ́."

"Èrò? Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà yín lọ́fẹ̀ẹ́!"

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí màmá bí kú. Ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí màmá bá ti fẹ́ sunkún nínú agboolé, ẹnìkan á ti dé: "Ó tó, ó tó. Kádàrá ni. Ẹ má fi ẹkún bá Ọlọ́run jà." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, n kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n nínú ilé olójúlé mẹ́wàá, ta ló lè sunkún kí ẹnìkan má gbọ́? Màmá á kàn máa ro iyanrìn gbígbóná nínú agbada, ṣáá, ṣáá, ẹ̀pà á máa ta, ojú wọn á sì gbẹ bí iyanrìn náà.

N kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Nítorí guguru tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni mo ṣe ń bá màmá lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin kan nínú fíìmù ń sá fún ìyàwó rẹ̀, ó já sínú ìkòkò aró, gbogbo ara rẹ̀ di aró, títí kan eyín. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kígbe pé, "Ó tọ́ sí ọ, ọkọ aláṣejù!" Mo yíjú sí màmá kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ ara aṣọ náà ń tàn sí wọn lójú. Omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì, èjìká wọn ń mì, wọn kò sì nù ún.

Ẹ̀rù bà mí. Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ: "Màmá, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín o! Kí ló dé tí ẹ̀ ń sunkún?"

Àwọn tó wà níwájú wa yíjú padà. Obìnrin kan ládùúgbò wa dìde, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ara màmá ò yá. Wọ́n ṣí i. Oòrùn ya wọlé, àwòrán ara aṣọ sì parẹ́. Obìnrin náà fọwọ́ lé màmá léjìká: "Ó tó o, màmá. Kádàrá ni."

Màmá fi ìborùn nu ojú. "Ẹ ṣeun. Ẹ̀rín ló pọ̀ jù, òun ló fa omi sí mi lójú."

A lọ sílé. Wọn kò bá mi wí. Èyí gan-an ló ń dùn mí. Ká ní wọ́n nà mí ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá mi bi wọ́n, wọ́n ní ooru ibẹ̀ pọ̀ jù.

Mo ti kàwé gboyè báyìí, mo ń wá iṣẹ́, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa jiyàn lórí sinimá: ó wọ́n, ó jìnnà, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. N kì í dá sí i. Ẹlòmíràn ń lọ nítorí àwòrán, ẹlòmíràn nítorí ọ̀rẹ́. Èmi mọ ẹni tó ń lọ kí òun lè rí òkùnkùn lọ́sàn-án, mo sì mọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹni tó ń sunkún, n kì í bi í ní nǹkan kan. N kò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí ojo. Bóyá méjèèjì ni.

Jímọ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí màmá. Ọwọ́ wọn kò lágbára àtiyan ẹ̀pà mọ́. Wọ́n bi mí, láìwo ojú mi, pé, "Ilé sinimá tí wọ́n ní ó wà ní Ìbàdàn yẹn, ṣé inú rẹ̀ ṣókùnkùn dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò ní fèrèsé rárá."

"Àga rẹ̀ ńkọ́?"

"Kálukú ló ní tirẹ̀, mà."

"Ìwọ ni kí o mú mi lọ."

Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, nítorí n kò lè bi màmá fúnra wọn: ṣé kí n jókòó tì wọ́n ni, tàbí kí n fi ìlà àga mẹ́ta sílẹ̀, kí n lọ jókòó níwájú, níbi tí n kò ti ní rí ojú wọn?