Ọjọ́ Tí Wọ́n Bi Mí Pé "Ọkọ̀ Ńkọ́?"

Ọjọ́ tí n ò lè gbàgbé láyé mi ni ọjọ́ tí mo fi ọkọ̀ mi kọlu ògiri ní Ṣàpọ́n.

Ìyàwó mi ti kú nígbà náà. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń lọ sí Adigbe lọ́dọ̀ Làmídì, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tó kù, tí kò lè rìn mọ́. Ọ̀kadà nìkan ló ń dé àdúgbò rẹ̀, egungun ìdí tèmi náà ò sì gba ọ̀kadà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bíréèkì kọ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ iwájú ọkọ̀ run. Ìṣúránsì mi sì ti tán, mi ò tíì sọ ọ́ dọ̀tun.

Mẹkáníìkì mi ní, "Bàbá, ẹ lọ sọ ìṣúránsì yẹn dọ̀tun báyìí. Tó bá dọ̀la, kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlu ògiri ni. Ṣé ògiri máa jẹ́rìí ni?"

Mo lọ. Ọmọbìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ìṣúránsì kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ilé ńkọ́?"

Mo ní ó wà.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà.

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

Mi ò lè sọ pé ó wà.

"Ó ti run, ọmọ mi. Àárọ̀ yìí ni, ìṣúránsì mi sì ti tán."

Ó ní, "Ẹ kú ewu, bàbá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Àmọ́ ìṣúránsì tó ti tán ò lè tún ọkọ̀ ṣe."

Bí ọkọ̀ ṣe jókòó sílé nìyẹn, torí mi ò lówó àtúnṣe. Òótọ́ tí mo sọ ò dùn mí. Adigbe tó jìnnà ló ń dùn mí. Tí Làmídì bá pè, á ní, "Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Mi ò parọ́ fún òun náà. Mo máa ń ní mi ò mọ̀.