Koríko Bàbá Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ń bó ọsàn nílé wa ní Bódìjà nígbà tí màlúù kan ké lójú títì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́? Ẹni tó ń jẹ koríko bàbá mi ló ń kí wa."

Ìjọba ti ń sin màlúù lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá náà ti kú. Wọ́n ní àwọn ń bá àwọn ọmọ tọ́jú ilẹ̀ náà títí wọn yóò fi dàgbà. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n hewú, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣooṣù ni ìyàwó mi ń wọ bàtà rẹ̀ tó dára jù, tó ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Dùgbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo ti dàgbà tó báyìí?"

Akọ̀wé á rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe ni pé mo lọ síbẹ̀. Akọ̀wé náà kí mi kú ará-fẹ́ra-kù.

"Ṣùgbọ́n àna ni yín, Dádì. Ẹ ní kí ọmọ onílẹ̀ wá."

Mo ní ìyàwó mi ló kẹ́yìn nínú wọn, a kò sì bímọ.

Ó pa fáìlì ilẹ̀ náà dé. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì wọkọ̀ padà sílé.