Bí Mo Ṣe Fi Ọdún Kún Ọjọ́ Orí Ọmọ Wa

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fáìlì wọ agbo ilé wa, n kì í fọkàn tán an. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rò ó pé kí ló ń rẹ́rìn-ín sí. Bó bá tọrọ omi, mo gbà pé ó fẹ́ rí inú ilé ni. Ẹ má bú mi. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ìyá tó bí bàbá mi ló sì kọ́ mi ní ìfura.

Nígbà ìjọba òyìnbó, ìyá àgbà yìí ṣì kéré, wọ́n ń kiri obì àti orógbó ní ìhà Màrínà. Àwọn wẹ́fíà, ìyẹn àwọn tí ìjọba yàn láti mójú tó ọmọdé, mú wọn tàwo tàwo. Àwọn wẹ́fíà ní òfin tuntun ti dé, pé ọmọbìnrin kékeré kò gbọdọ̀ kiri ọjà mọ́, pé ààbò ni. Wọ́n ní kí ìyá àgbà yanu, wọ́n wo eyín wọn bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò iléyá, wọ́n sì kọ iye ọdún tó wù wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìyá àgbà fi sùn nílé tí wọ́n ń kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kí ìyá wọn tó rí wọn gbà. Títí wọ́n fi kú, bí àlejò bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ló wà nílé, wọ́n á ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ìmọ̀ tí mo ní nípa ìjọba àti ọmọdé kò ju ìyẹn lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ti kú, ọwọ́ mi ni ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà sí, Ìyá ló sì ń pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì ṣígbọnlẹ̀. Bó bá ti ilé ìwé dé, ó máa ń bá mi pe oníbàárà níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Ìdúmọ̀tà. Lọ́jọ́ kan, òun àti ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀bù kejì jọ fa oníbàárà kan náà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ di ìjà, ọmọ wa fi agádágodo gbá ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú ọmọ yẹn. Ọlọ́pàá dé. Èyí tó ń kọ̀wé nínú wọn wo ọmọ wa láti òkè délẹ̀, kò bi í léèrè ohunkóhun, ó kọ ọdún mọ́kàndínlógún síbẹ̀. Bó ṣe di àgbàlagbà lójú òfin nìyẹn.

Ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà kan dìde fún un, ọmọbìnrin kan tí ìjọba gbà síṣẹ́ kó máa gbèjà àwọn tí kò lọ́wọ́. Ó ní ọmọdé ni. Adájọ́ ní kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wádìí nílé wa, kó sì mú àbọ̀ wá. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin ni wọ́n gbé ọmọ lọ. Òyìnbó ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì jókòó sí.

Lọ́jọ́ kẹta, òṣìṣẹ́ náà dé. Obìnrin ni, ó wọ híjáàbù, ó sì sálámà sí mi dáadáa. Mo fura sí híjáàbù yẹn gan-an. Mo ní ó mọ irú ilé tó ń bọ̀ ni, ló fi múra fún un.

"Àlàájà, ọmọ mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Kí ló ń kọ? Mi ò tíì sọ nǹkan kan! Ó bèèrè yàrá tí ọmọ ń sùn, ó bèèrè ilé ìwé rẹ̀, bó sì ṣe ń bèèrè ni ojú rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣeré nídìí kànga. Mo gbà pé wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ọmọdé ni, kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi pátápátá, kí wọ́n sì padà wá kó àwọn yòókù.

"Ọmọ ọdún mélòó gan-an ni?"

"Ó ti pé ogún ọdún. Ilé ọkọ ló tiẹ̀ yẹ kó wà."

"Ṣé kò sí sátífíkéètì ọjọ́ ìbí ẹ̀? Tàbí káàdì tó fi gbabẹ́rẹ́ àjẹsára ní kékeré?"

"Kò sí. Omi ti bà á jẹ́."

Káàdì náà wà nínú àpótí mi, lábẹ́ aṣọ tí mo rà ní Mẹ́kà. Omi kankan kò kàn án. Obìnrin náà ka ohun tó kọ sí mi létí, mo fọwọ́ sí i, inú mi dùn pé mo ti fọgbọ́n lé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́yà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò tiẹ̀ jókòó.

"Àlàájà, kí lẹ ṣe báyìí? Ẹ̀yin gan-an lẹ ń ti ọmọ yín mọ́ ẹ̀wọ̀n o!"

Ó ní lábẹ́ òfin Èkó lónìí, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọmọdé ni. Kọ́ọ̀tù tiwọn yàtọ̀: wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn, wọn kì í jẹ́ kí èrò wọlé wá wòran, àwọn méjì kan tó mọ̀ nípa ọmọdé sì máa ń bá adájọ́ jókòó. Ìwé tí wẹ́fíà bá kọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pinnu. Ẹni ogún ọdún kò lè dé ibẹ̀. Kọ́ọ̀tù àwọn àgbàlagbà ni wọ́n máa gbé e lọ, ẹ̀wọ̀n gidi ló sì lè já sí.

"Ọmọ yẹn ní káàdì òun wà nínú àpótí yín."

"Màá wá a."

Ṣé mo gbà á gbọ́? Rárá o. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbowó lọ́wọ́ mi. Lọ́yà tí kì í gbowó! Ó ní ìjọba ló ń san owó oṣù òun, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ tán lójú mi. Ìjọba ló ti ọmọ mọ́lé, ìjọba ló gba lọ́yà fún un. Ta ló wá ń bá ta jà?

Nígbà tó di Jímọ̀, mo lọ wo ọmọ. Ó ti rù. Àárín àwọn obìnrin tó lè bí i ló wà.

"Ìyá, ṣé ẹ ti rí káàdì yẹn?"

"A ṣì ń wá a."

Ó ní kò burú, pé kí n wò ó lábẹ́ aṣọ Mẹ́kà mi. Kò fura sí mi rárá. Ojú tì mí débi pé n kò lè dúró pẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún pè wá sí kọ́ọ̀tù, mo ṣe fọ́tókọ́pì káàdì náà ní Onikan, mo sì ki ojúlówó rẹ̀ bọ kọ́mú. Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Adájọ́ yẹ fọ́tókọ́pì wò, ó ní ojúlówó dà? Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ń túmọ̀ fún mi.

"Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i pé omi bà á jẹ́, pé ogún ọdún ni. Èwo ló jóòótọ́?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo yíjú sí ògiri, mo yọ káàdì náà.

"Mo parọ́, sà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa dá a padà fún mi?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa kò rẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ní kó dúró sí, ó ń wò mí, mo sì rí i pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èmi ni mo fi káàdì náà pamọ́.

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí kọ́ọ̀tù àwọn ọmọdé. Yàrá kékeré kan ni, kò sí èrò. Ọmọ wa kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tó fọ́ lórí àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé lọ́dọ̀ mi, kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà sì máa wá wò ó lóṣooṣù. Gbogbo ohun tí lọ́yà sọ fún mi ló rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó kó ọmọ kankan nílé wa.

Obìnrin oníhíjáàbù yẹn ń wá títí di òní. Ọmọ wa á gbé àga síta fún un, wọ́n á jọ jókòó, mo sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú yàrá. Bí mo bá ti gbé omi jáde, ọmọ wa á dákẹ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń sunkún. Mo jókòó tì í, mo ní, "Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi? Sọ fún mi."

Ó nu ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Ìyá, ta lẹ fẹ́ lọ sọ ọ́ fún?"